Ààwẹ̀ Zulhumor Lábẹ́ Ẹ̀rọ Tuntun

Ọjọ́ Ajé, 19 Ṣẹ́rẹ́

Gáàsì ti lọ láti àná. Yìnyín dì mọ́ gbogbo fèrèsé. Mo wọ kóòtù méjì lọ síbi iṣẹ́, mo sì bá Nurmatov, ọ̀gá ilé ìwòsàn wa, pẹ̀lú táì pupa lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Gómìnà gé rìbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ ìtànṣán tuntun tí a ó fi máa wo jẹjẹrẹ. Wọ́n ní kí n dúró lẹ́yìn nítorí kóòtù mi ti gbó.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ lẹ́tà nítorí ẹ̀rọ yìí. Mo bẹ̀, mo jà, wọ́n pè mí ní wèrè nínú ìpàdé. Lónìí, Nurmatov gba gbohùngbohùn, ó ní, "Àlá mi ló ṣẹ yìí." Àlá tirẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé títí di oṣù tó kọjá kò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà máa ń ya àwòrán inú aláìsàn kó tó yin ìtànṣán sí i. Ojú kò tilẹ̀ tì í.

Wọ́n ti wọ́ ẹ̀rọ àtijọ́ lọ. Mi ò ní ṣàárò rẹ̀. Inú òkùnkùn ló ti ń yìnbọn láti ọjọ́ tó ti dé: a ó fi tàdáwà fa ilà sí ikùn obìnrin, a ó sì máa gbàdúrà pé kí ilé ọmọ rẹ̀ wà níbi tó wà lánàá. Ilé ọmọ kì í dúró sójú kan. Ìtọ̀ ń tì í, ìgbẹ́ ń tì í. Àwọn tí a jó ní ìfun nínú òkùnkùn yẹn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé wọn padà wá.

Ọjọ́bọ̀, 29 Ṣẹ́rẹ́

A ya àwòrán ìpìlẹ̀ fún obìnrin mẹ́rin lónìí, gbogbo wọn jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Àwòrán yìí ni a ó máa fi wé ti ojoojúmọ́. Ìkẹrin wọn ni Zulhumor, ẹni ọdún méjìdínlógójì, láti abúlé kan lẹ́yìn Beshariq. Ó ń rán aṣọ ìbora fún àwọn ìyàwó tuntun. Ọkọ rẹ̀ ń po kọnkéré ní Rọ́ṣíà, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ lòun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì ń gbé. Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀.

Òun nìkan ló dá wá. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹbí ni dókítà ń sọ jẹjẹrẹ fún, aláìsàn ni wọ́n ń fi í pamọ́ fún. Ta wá ni kí n sọ fún, ògiri? Mo sọ fún òun fúnra rẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé. Mo ti sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ló ń dùn mí, pé iná mànàmáná lẹ máa fi mú un gbóná."

"Iná mànàmáná. Wọ́n sì gbà?"

"Ìyá ọkọ mi kì í béèrè nǹkan."

Mo kọ́ ọ ní òfin omi. Kó kọ́kọ́ tọ̀, kó mu ife márùn-ún, kó dúró fún wákàtí kan kó tó wọlé. Bí àpò ìtọ̀ bá kún, á ti ìfun sókè kúrò lójú ìtànṣán. Bó bá ṣófo, ìfun á sọ̀ kalẹ̀, a ó sì jó o. Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ fún mi bí mo ṣe sọ ọ́. Kì í ṣe òpè.

Ọjọ́ Ajé, 2 Èrèlé

A bẹ̀rẹ̀. Àwòrán Zulhumor bá ti ìpìlẹ̀ mu tó bẹ́ẹ̀ tí inú mi dùn, mi ò sì fẹ́ kí Shahlo rí i lójú mi. Shahlo ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Wọ́n rán an lọ kọ́ ọ ní Tọ́kì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àtìgbà tó sì ti dé, "lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀, títí kan bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn.

Ẹran màlúù ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà sọ́ọ̀mù fún kílò kan. Mo ra ẹyin.

Ọjọ́bọ̀, 5 Èrèlé

Ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń rí ọgọ́ta èèyàn lójúmọ́. Eléyìí kò tíì rí ju ọgbọ̀n lọ, nítorí a ń ya àwòrán, a ń wò ó, a ń sún tábìlì, ká tó yìn ín. Àwọn tó ń dúró ní kọ́rídọ̀ kò bá mi ṣeré. Bàbá kan láti Rishton sọ fún mi lójú pé, "Dókítà, bẹ́ ẹ bá wo sinimá yín tán, ẹ jẹ́ ká mọ̀, ká lè lọ kú sílé." Mo ní kó jókòó. Ó ní ibo lòun máa jókòó sí. Mo wò yíká, kò sí àga lóòótọ́.

Nurmatov pè mí. "Karomat, ṣé dandan ni kẹ́ ẹ máa wo inú wọn lójoojúmọ́? Kí ló lè yí padà nínú èèyàn láàárín àná sí òní?"

Mo ní kó lọ bi ìyàwó rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Èrèlé

Zulhumor dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dá láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pé aṣọ òun mọ́ tónítóní. Ìtànṣán ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

"Ṣé kò ní padà, dókítà?"

"Bó ò bá pa ọjọ́ kankan jẹ, kò yẹ kó padà."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì ra ojú bí ẹni tó ṣe àmín tán, ó wá dì mọ́ mi. Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa dì mọ́ mi. Mi ò sì mọ ohun tí èèyàn ń dúpẹ́ tó bẹ́ẹ̀ fún nígbà tí iṣẹ́ kò tíì dé ìdajì. Mo ní kó yára, kí bọ́ọ̀sì Beshariq má fi í sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 18 Èrèlé

Ọ̀la ni ààwẹ̀. Mo dúró láàárín kọ́rídọ̀, mo ní kí gbogbo obìnrin tó ń gba ìtànṣán sí ikùn gbọ́: ẹnì kankan nínú yín kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti yọ aláìsàn sílẹ̀. Mo ní kí àlùfáà mọ́ṣáláṣí àdúgbò kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

"Ó dáa, dókítà," ni gbogbo wọn wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo mọ "ó dáa" ilẹ̀ wa. Bàbá mi ń sọ ọ́ fún ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì, tó kórìíra ẹ̀sìn, lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, inú ilé màlúù ló sì ti ń kírun. Èmi kì í gbààwẹ̀, mi ò sì fi pamọ́. Shahlo ti ń wo ife tíì mi láti àárọ̀ bí ẹni pé ọtí ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19 Èrèlé

Obìnrin mẹ́rin, àpò ìtọ̀ mẹ́rin, kò sí ẹyọ kan tó kún.

Mo bi Zulhumor lórí tábìlì. "O mumi?"

"Mo mu, dókítà."

"Ife mélòó?"

"Márùn-ún."

"Lónìí àbí lọ́dún tó kọjá?"

Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá wo ojú kọ̀ǹpútà. Mo fi àwòrán ìpìlẹ̀ hàn án, àpò ìtọ̀ yọ bọ̀rọ̀gidi. Mo fi tòní hàn án, ó rún bí ìbọ̀sẹ̀, ìfun sì ti ya wá síbi tí a fẹ́ jó. Mo ní, "Àwòrán kì í parọ́. Ìwọ lò ń parọ́. O pa á fáwọn ará ilé rẹ, ó jẹ, o wá gbé e wá bá èmi náà." Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Gbogbo kọ́rídọ̀ ló gbọ́ mi.

Mo lé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sílé láìfún wọn ní ìtànṣán.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Èrèlé

Wọ́n tún ṣófo. Mo tún lé wọn. Kí n tó mu tíì, Nurmatov ti ránṣẹ́.

"Ẹ yìn ín sí wọn láìya àwòrán, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ẹ̀rọ àtijọ́ kò wò wọ́n rí, wọ́n sì ń gbádùn."

"Wọ́n ń gbádùn? Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ lọ wò wọ́n nílé?"

"Àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ láti Tashkent lọ́jọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀. Àádọ́ta lójúmọ́ ni mo sọ fún wọn."

"Ẹ ì bá sọ ọgbọ̀n."

Mo ní kó jẹ́ ká máa rí àwọn obìnrin náà lẹ́yìn ìṣínu, kí wọ́n mumi tán kí wọ́n tó wọlé. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ilé tí wọ́n ti fẹ́ ṣínu, pé bọ́ọ̀sì abúlé kì í sì sí mọ́ nígbà yẹn. Èyí nìkan ló sọ lónìí tó lórí. Ó wá ní òun fún mi di ọjọ́ Ajé. Bí wọn ò bá kún lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni a ó máa ya àwòrán fún wọn, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Mo ní mi ò ní fọwọ́ sí i. Ó ní òun lè rí ẹlòmíì. Mo ní kó wá a lọ, kó bá mi kí i bó bá rí i.

Mo jáde bá wọn ní kọ́rídọ̀. Mo ní, "Ẹni tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ kò bá kún lọ́jọ́ Ajé, kó má wá mọ́." Zulhumor ń wo bàtà rẹ̀. Jẹjẹrẹ rẹ̀ wà lára èyí tí a lè wò sàn pátápátá, tí kò bá pa ọjọ́ jẹ. Ó ti pa méjì jẹ báyìí, inú sì ń bí mi sí i débi pé mi ò lè jẹun alẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 23 Èrèlé

Wọ́n kún. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti Zulhumor tilẹ̀ ju ti ìpìlẹ̀ lọ díẹ̀. Mo tẹ àwọn àwòrán náà jáde, mo gbé wọn ka tábìlì Nurmatov. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àfi kéèyàn kígbe mọ́ wọn.

Ọjọ́bọ̀, 26 Èrèlé

Ike omi ńlá tí mo ní kí wọ́n gbé sí kọ́rídọ̀ lọ́jọ́ Ajé ṣì kún dé ọrùn. Mo wò ó. Mo wo àwọn àwòrán. Mo pe Shahlo, tó máa ń pè mí ní opa, ẹ̀gbọ́n.

"Kí làwọn obìnrin yìí ń mu?"

"Wọn ò mu nǹkan kan, opa. Wọ́n ń gbààwẹ̀."

"Àpò ìtọ̀ wọn kún."

"Wọ́n ń mumi ní sààrì, wọn ò wá ní tọ̀ mọ́ títí a ó fi rí wọn."

Láti ìdájí títí dé iwájú ọ̀sán. "Ta ló kọ́ wọn?"

Ó wò mí lójú. "Èmi ni. Ẹ ní kó kún, ó kún."

"Orí ẹ pé báyìí?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má wá mọ́, opa. Ibo lẹ fẹ́ kí wọ́n gbà lọ? Ẹ ń lé wọn bí ewúrẹ́ tó wọ oko. Èmi kàn wá nǹkan tí wọ́n lè ṣe ni."

Mo sọ fún un pé ìtọ̀ tó bá pẹ́ nínú àpò tí ìtànṣán ti ń jó á sọ ọ́ di egbò, á sì kó àrùn. Ó ní wọn ò sọ ìyẹn fún òun lọ́hùn-ún. Mo ní kò sí ohun tí wọ́n sọ fún un lọ́hùn-ún ju bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Èrèlé

Mo sọ fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé kí wọ́n jáwọ́ nínú ẹ̀. "Ó dáa, dókítà."

Ọjọ́ Ajé, 2 Ẹrẹ̀nà

Kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni wọ́n fi ti Zulhumor wọlé. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń gbọ̀n, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, ó sì ń rùn. Àrùn ti wọ àpò ìtọ̀. Kò sí ìtànṣán fún un títí àrùn náà yóò fi lọ. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá báyìí, jẹjẹrẹ ń gba ilẹ̀ tó ti pàdánù. Mo dá a dúró, mo fi omi àti oògùn sí i lápá.

Ìjà ni mo bá lọ síbi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. "Kí lo fẹ́ gan-an? O fẹ́ kú ni?"

"Rárá, dókítà."

"Ọlọ́run tó ò ń gbààwẹ̀ fún ló ní kí aláìsàn jẹun."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé?"

"Ó lé lọ́dún kan tí mi ò forí kanlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára mi, mi ò lè kírun, mi ò lè fọwọ́ kan Kùránì. Lọ́dún tó kọjá, ìdí iná ni mo wà, mò ń se sààrì fún gbogbo ilé, èmi ò sì sí lára wọn. Àwọn ọmọ ń bi mí pé, 'Màmá, kí ló dé tí ẹ kì í kírun?' Mo ti gbà pé bí mo ṣe máa kú nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀gbin lára. Ẹ̀yin lẹ wá dá a dúró. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ààwẹ̀ wọlé, ẹ sọ mí di mímọ́. Kí n wá jókòó, kí n máa jẹun?"

Mo ti tọ́jú èsì sílẹ̀ fún olórí kunkun. Èyí kì í ṣe orí kunkun. Mo tún rọ́bà omi tó wà lápá rẹ̀ ṣe, ó sì dáa bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, mi ò ní parọ́.

Nígbà tó yá, mo bi í pé bí kò bá gbààwẹ̀, kí ni wọ́n máa ṣe é nílé. Ó ní ìyá ọkọ òun á béèrè ìdí.

"O ní kì í béèrè nǹkan."

"Eléyìí, á béèrè."

"Èmi ni màá lọ dá a lóhùn. Ṣé o gbà kí n sọ ọ́?"

Ó kọjú sí ògiri. "Ẹ sọ ohun tó bá wù yín. Ó ti rẹ̀ mí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Ẹrẹ̀nà

Àwọn aláyẹ̀wò dé. Nurmatov kó àwòrán mi kalẹ̀ níwájú wọn, ó ń ṣàlàyé àpò ìtọ̀ fún wọn bí ẹni pé òun ló dá a. Orí wọn wú. Wọ́n ní kò sí ilé ìwòsàn mìíràn ní gbogbo agbègbè yìí tó ń wo aláìsàn lójoojúmọ́ bẹ́ẹ̀. Kò ní lè ní ká má ya àwòrán mọ́, ó ti fi í ṣe fáàrí jù. Ọlọ́run a máa fi òpònú ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn.

Ọjọ́rú, 4 Ẹrẹ̀nà

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé Zulhumor lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi gbá ìyá àgbà náà létí: ìwọ tí ò ń jẹ́ kí aláìsàn dìde lóru wá se sààrì, ìwọ tí o sọ ìyàwó ọmọ di ẹrú.

Hojar lorúkọ rẹ̀, obìnrin kúkurú, ọwọ́ rẹ̀ funfun fún ìyẹ̀fun, ó ń lẹ búrẹ́dì mọ́ inú ààrò ilé ìdáná. Mo ní èmi ni dókítà Zulhumor. Kò jẹ́ kí n sọ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó lé àwọn ọmọ síta, ó fà mí wọnú ilé ìdáná, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀," ó ní. "Àwọn ọmọ á lọ sọ fún un. Kò mọ̀."

"Ta ni kò mọ̀?"

"Zulhumor. Kò mọ nǹkan tó ń ṣe é."

Mo jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun rẹ̀. Nọ́ọ̀sì abúlé ló sọ fún Màmá Hojar lóṣù Ọ̀pẹ, bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa: ẹ̀yin ni ẹbí, jẹjẹrẹ ni, ẹ má jẹ́ kó gbọ́, kí àyà rẹ̀ má já. Kò jẹ́ kó gbọ́. Nígbà tí Zulhumor wá ń sọ pé ẹ̀yìn ló ń dun òun, ìyá náà rò pé àwa dókítà la fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tàn án.

"Màmá, ó mọ̀. Èmi ni mo sọ fún un. Ẹ̀yin ló ń fi í pamọ́ fún."

Búrẹ́dì kan já sínú iná, kò sì yọ ọ́. "Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́."

"Nínú ilé mi. Ó ń jókòó síwájú mi, ó ń bá mi jẹun."

"Bí ẹ̀yin náà ṣe ń jókòó síwájú rẹ̀."

Kò fẹ́ràn ìyẹn. Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi jẹ́ kó gbààwẹ̀, nígbà tó mọ̀.

"Kí n ní kí ni? Bí mo bá ní, 'Ìwọ má gbààwẹ̀,' á ní kí ló dé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ àìsàn kì í ṣe nǹkan oṣù? Ọmọ tó lọ ilé kéwú mọ̀ ọ́n, òun ni kò lọ, ìjọba ti gbogbo rẹ̀ pa nígbà tiwọn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ àìsàn ń dà lára rẹ̀, á ṣe àlùwàlá, á kírun rẹ̀. Láti oṣù Ọ̀pẹ ni mo ti ń rí i tó ń fara pamọ́ bá a bá ti ń kírun. Ó wà lẹ́nu mi lójoojúmọ́ pé, 'Dìde, kírun, ẹ̀jẹ̀ àìsàn ni.' Bí mo bá sọ ọ́, mo ti sọ fún un pé ó ń ṣàìsàn nìyẹn." Ó fi apá nu ojú, ìyẹ̀fun kù síbẹ̀. "Ó wá dìde sààrì ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ń fi imú kọrin nídìí iná. Kí n dá a dúró? Ẹ̀yin lè dá a dúró?"

Mo ní òun ló jẹ́ kí obìnrin náà máa di ìtọ̀ mọ́ra títí ó fi dùbúlẹ̀. Ó ní èmi ni mo ní kó má wá mọ́ bí kò bá kún. Ẹni tó sọ fún un, mi ò mọ̀. A bú ara wa díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin dókítà, ẹ ní kí n má sọ fún un. Òun náà ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má sọ fún mi, ẹ sì gbà." Àsìkò ìṣínu wá tó. Ó gbé dàbínù síwájú mi pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná, èmi tí mi ò gbààwẹ̀, mo sì bá a jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Ẹrẹ̀nà

Ibà ti lọ. Mo ní kí Zulhumor jókòó sí kọ́rídọ̀ kó mumi. Màmá Hojar ti gba bọ́ọ̀sì àárọ̀ dé, ó gbé kẹ́tùlù ilé rẹ̀ dání. Òun ń gbààwẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ. Ó bu ife àkọ́kọ́.

"Mu."

"Màmá, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Mu ún, kí dókítà yìí má tún wá fìdí tẹ ìyẹ̀fun mi."

Zulhumor mu ún. Omi ń dà lójú rẹ̀, ìyá náà kò sì wò ó, ó ń bu òmíràn. Nígbà tó bu ìkẹta, ó yíjú sí àwọn obìnrin mẹ́ta yòókù. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ fẹ́ kí n wá bu tiyín náà ni? Ojú ta lẹ ń wò?" Shahlo jáde kúrò nídìí ẹ̀rọ, ó lọ kó ife wá láìsí pé ẹnikẹ́ni rán an. Mi ò tíì dárí jì í, ṣùgbọ́n mo rí i.

Àwòrán Zulhumor dáa. Mo fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Ajé, 9 Ẹrẹ̀nà

Ọjọ́ Àwọn Obìnrin bọ́ sí Àìkú, wọ́n bá fún wa ní ọjọ́ Ajé dípò rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, Nurmatov ti fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ní òdòdó kan. Lónìí ó ti ilé ìwòsàn pa. Ọjọ́ kan tún lọ lára àwọn obìnrin tó ń bu ọlá fún.

Ọjọ́bọ̀, 12 Ẹrẹ̀nà

Òjò. Igi àbíríkọ́ọ̀tì ti yọ òdòdó, òjò sì ń gbọ̀n ọ́n dànù. Zulhumor àti ìyá ọkọ rẹ̀ ń wá pa pọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń jà lójoojúmọ́. Tòní, iyọ̀ ọbẹ̀ ni. Ìyá náà ní oṣù mẹ́ta gbáko lòun fi jẹ ọbẹ̀ oníyọ̀ láìsọ̀rọ̀ nítorí pé òun kò fẹ́ bà á lọ́kàn jẹ́, pé òun kò lè ṣe é mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Ẹrẹ̀nà

Òní la yin ìtànṣán ti òde ara tán fún Zulhumor. Ó ku ti inú, èyí tí a ó ki bọ ẹnu ilé ọmọ gan-an lẹ́yìn ọdún Ìtúnu. Mo yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gun tábìlì. Nǹkan tó tóbi tó ẹyin adìẹ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ti sún kì, ìka mi wá a kó tó rí i. Mi ò sọ pé ó ti tán. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ rí fáwọn kan, mo sì sin wọ́n.

Màmá Hojar ní òun fẹ́ rí àwòrán náà. Ó ní òun kò lè máa bu omi láti ọjọ́ yìí wá kí òun má mọ ibi tó ń lọ. Shahlo fẹ́ bá a jiyàn, mo ní kó jẹ́ kó wọlé. Ó fa gíláàsì rẹ̀ yọ, ó tẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà. Mo fọwọ́ tọ́ka sí àpò ìtọ̀, mo fi ìfun hàn án lókè níbi tí omi tì í sí.

"Nǹkan ọ̀hún ńkọ́?"

"Ó ti kéré gan-an. Ó ku ìtànṣán ti inú."

Ó ń wò ó lọ. Zulhumor wà lẹ́yìn wa, ó ń de ìborùn rẹ̀.

"Ààwẹ̀ tó jẹ ńkọ́?" ìyá náà bi mí. "Ìgbà wo ló máa san án?"

Gbogbo ara ló sọ fún mi pé kí n sọ pé mi ò mọ̀. Dókítà tó bá ní ọgbọ́n kì í dá ọjọ́. Mo ní, "Kí ààwẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ tó wọlé."

"Ó dá yín lójú?"

"Mo ti sọ ọ́ ná."

Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó sì kọjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. "O gbọ́? Tí èèyàn bá kú pẹ̀lú gbèsè ààwẹ̀, ẹbí ló ń gbà á dípò rẹ̀. Mo ti dàgbà. Mi ò ní gba ẹyọ kan dípò rẹ. Kó o yáa wà láyé, kó o san án fúnra rẹ."

"Mo gbọ́, Màmá," Zulhumor wí.

"Ó dáa. Mú kẹ́tùlù yẹn dání."